Ìwé Ínṣọ́ránsì Alùpùpù: Ta Ni Ó Ń Dáàbò Bò?



Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdílé òṣìṣẹ́ ní Ọ̀fà tí ọ̀rọ̀ alùpùpù kò kàn. Bí kì í bá ṣe àwa fúnra wa ni a ń gùn ún lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní ìdájí, a jẹ́ pé ọmọ wa tó jáde ìwé tí kò ríṣẹ́ ni ó ń fi í kó èrò láti ọjà Òwòdé lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé tàbí Ajáṣẹ́-Ìpo. Nítorí náà, a ó sọ ọ̀rọ̀ ínṣọ́ránsì yìí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Láti oṣù February 2025, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kéde pé àwọn yóò máa béèrè ìwé third party lójú títì jákèjádò Nàìjíríà, ni àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra alùpùpù ti ń bi wá pé: “Bọ̀ọ̀dá, èló ni ojúlówó rẹ̀? Ṣé ti ọmọdé wọ́n ju ti àgbà lọ ni?”

Ìdáhùn wa nìyí. Òfin yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1945, láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ni wọ́n ti ṣe é. Òfin ọdún 2003 tún un sọ, òfin tuntun ti ọdún 2025 sì gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ranyàn ṣì ni. Ní ti iye owó, NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, fi ti alùpùpù sí N3,000 lọ́dún láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2023. Ó fi ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí N5,000, ó sì gbé ti mọ́tò aládàáni kúrò ní N5,000 lọ sí N15,000. Ẹ pín N3,000 sí oṣù 12, N250 ni yóò kan oṣù kọ̀ọ̀kan. Iye kan náà ni ọmọ ọdún 18 tó kọ́ alùpùpù lánàá àti àgbà tó ti ń gùn ún láti ọgbọ̀n ọdún yóò san.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí nílùú òyìnbó. Bí ọmọ ọdún 17 bá fẹ́ gun alùpùpù ní London, ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì yóò wo ọjọ́ orí rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti bí ẹ̀rọ náà ṣe lágbára tó. Owó tí wọn yóò bù lé e a máa ju ti bàbá rẹ̀ lọ fíìfíì, nítorí ìwé ìṣirò wọn ti fi hàn wọ́n pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ó ń ṣubú jù. Láti ọdún 1990 pàápàá, òfin ibẹ̀ kò gbà kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ dá gbé alùpùpù bọ́ sí títì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba là sílẹ̀. A kò yin owó gọbọi; àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ náà ń kérora. Ṣùgbọ́n owó náà ń sọ òtítọ́ kan fún ọmọ náà, pé ọdún àkọ́kọ́ lórí alùpùpù léwu. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé pọ́ọ́kú ni, ewu náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kìlọ̀ fún ọmọ.

Ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka wa níhìn-ín. Ọ̀dọ́ kan nínú wa gba alùpùpù àkọ́kọ́ rẹ̀, ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù méjì kò ì tí ì pé tí ó fi gbá ìyá aláta kan nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà kán. Nígbà tí a gbé ìwé ínṣọ́ránsì rẹ̀ yẹ̀wò, ayédèrú ni. Abẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì ni ó ti rà á ní N1,500. Bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ láti tọ́jú ìyá náà. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ náà fi jókòó sílé, ẹni tó ni alùpùpù sì wá gbé e lọ.

Ẹ̀yin ará, bí ìwé yẹn tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ìyá aláta nìkan ni ì bá ràn lọ́wọ́. Ẹlòmíràn tí a bá ṣe léṣe tàbí tí a bá ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́ ni third party wà fún. Iye tó ga jù tí NAICOM fi sí ohun ìní tí alùpùpù bá bàjẹ́ ni N1,000,000. Kò sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ fún ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fún alùpùpù rẹ̀. Ínṣọ́ránsì kíkún wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n NAICOM ní kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Bí alùpùpù bá tó N1,000,000, N50,000 nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ sì jẹ́ N70,000. Ọ̀dọ́ wo ni yóò san án tí yóò tún jẹun?

Ọ̀nà kan wà tí ọmọ yẹn ì bá fi rí owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà. Òfin owó gbà-mábìínú fún òṣìṣẹ́, ti ọdún 2010, sọ pé ìjàǹbá tó bá òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ wà lára èyí tí àjọ NSITF yóò sanwó lé lórí. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá owó náà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́. Kì í ṣe àpò òṣìṣẹ́ ni yóò ti jáde. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, kí òun náà sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Agbanisíṣẹ́ ọmọ yẹn kò sọ nǹkan kan. Àwa náà kò sì béèrè títí ọjọ́ fi kọjá. Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀, a kò ní fi pamọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń gbé síwájú ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀:

Èkíní, kí ẹ̀ka wa bá ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì tó ní ìwé àṣẹ dúnàádúrà fún gbogbo wa lápapọ̀, kí a máa yọ N250 lóṣooṣù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sábẹ́ agboòrùn mọ́. Kí a sì béèrè iye tí wọn yóò gbà láti fi ààbò fún ara ẹni tó ń gùn ún kún un.

Èkejì, kí ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ báyìí fi nọ́ńbà alùpùpù rẹ̀ wò ó lórí fóònù nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NIID. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ó tètè wá bá wa.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn àgbà nínú wa máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé èrò, kí a sì rí akoto lórí wọn.

Ẹ̀kẹrin, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà iṣẹ́, kí ẹ sọ fún aṣojú yín lọ́jọ́ náà gan-an. Àwa ni yóò kọ lẹ́tà.

Ìlú oníjàkadì ni Ọ̀fà. Ẹni tó bá sì kọ́ ìjàkadì mọ̀ pé a kì í ju ọmọdé sójú agbo láìkọ́ ọ bí a ti ń ṣubú. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a ju àwọn ọmọ wa sójú títì pẹ̀lú ayédèrú ìwé lápò.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́. Ẹ wá sípàdé o.