Òkè Ìdànrè Kò Jìnnà

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, kí ló dé tó fi jẹ́ pé bí ìdílé bá fẹ́ gbafẹ́, erékùṣù òkèèrè ni ọkàn wa ń lọ? Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀.

Èmi àti ẹbí mi gun òkè náà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi sinmi. Nígbà tí a dé ààfin àtijọ́, àbúrò mi béèrè ẹni tó gbé ibẹ̀ rí. Èmi tí mo ń kọ́ ìtàn ń kálòlò. Ìyá mi ló dáhùn: ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọn ìyá tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí ọdún 1940 tó dé.

Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ni ọmọ ti ń gbọ́ ìtàn. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn òbí wa gùn ún nígbà ìsinmi, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì gbà á. Bí wọ́n bá lọ tán, òkúta kò ní bá wa sọ̀rọ̀.