Àgídí ọmọ: Inú ilé ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ wádìí ẹ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀pọ̀ òbí ní Mowe àti Ibafo, níjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ti máa ń dúró létí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láti wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí fún ọ̀pọ̀ ará Ifọ, tí wọ́n ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta wọ Èkó. Ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó padà. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò ló ń mójú tó ọmọ. Bí olùkọ́ bá wá ránṣẹ́ pé ọmọ náà kì í gbọ́ràn, àwọn kan á ní orí kunkun ni wọ́n bí mọ́ ọn, àwọn mìíràn á ní ẹ̀mí kan ló ń dà á láàmú. Pàṣán tàbí ilé àdúrà ló kàn.

Kì í ṣe gbogbo àgídí ni àìsàn, nítorí kò sí ọmọ tí kì í ṣorí kunkun lọ́jọ́ kan. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi àìgbọ́ràn tó kọjá ààlà sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀. Ìlànà wọn lónìí ni pé ó kéré tán, àmì mẹ́rin gbọ́dọ̀ hàn fún oṣù mẹ́fà, bíi kí ọmọ máa tètè bínú, kí ó máa bá àgbà jiyàn, kí ó máa mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin, kí ó sì máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn.

Gerald Patterson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Oregon, ṣàlàyé nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1982 bí irú ìwà yìí ṣe ń gbilẹ̀ nínú ilé. Ìyá tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ti dá lágara ní kí ọmọ lọ fọ abọ́. Ọmọ figbe ta. Ìyá fi í sílẹ̀ kí ara lè tù ú. Ọmọ ti mọ̀ pé igbe ń ṣiṣẹ́, ìyá náà sì ti mọ̀ pé bí òun bá gbà fún un, ariwo á dákẹ́. Lọ́jọ́ tí sùúrù bá wá tán, ó lù ú bí ẹni lu bàrà. Ohun tí ọmọ tún kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó lágbára jù ló ń borí.

Ó máa ń burú sí i níbi tí ẹnu àwọn àgbà kò bá ti kò: bàbá ní rárá, ìyá àgbà ní kò séwu. Ìjà tọkọtaya, àìlówó lọ́wọ́ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn òbí tún ń dá kún un. Síbẹ̀, kò tọ́ kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru òbí, nítorí àwọn ọmọ kan wà tí inú tètè ń bí láti kékeré, tí títọ́ wọn sì le ju ti àwọn yòókù lọ.

Pé ìdílé wà lára ìwòsàn kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Lọ́dún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan nílé ìwòsàn ọpọlọ Aro, níbi tí aláìsàn ti ń gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ láwọn abúlé tó wà nítòsí, tí ó sì ń ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Kì í ṣe nítorí ọmọ alágídí ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu.

Ìtọ́jú tí àwọn onímọ̀ gbára lé jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ òbí: kí òfin ilé má pọ̀, kí gbogbo àgbà ilé fẹnu kò lé e lórí, kí wọ́n yin ọmọ nígbà tó bá ṣe dáadáa, kí wọ́n má sì halẹ̀ ìyà tí wọn kò ní lè fi jẹ ẹ́. Bí kò bá rọlẹ̀, àwọn dókítà wà ní Aro.

Ọwọ́ òsì ni Yorùbá ní kí wọ́n fi bá ọmọ wí, kí wọ́n fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Mowe àti Ibafo, ọwọ́ ọ̀tún yìí ni kì í tíì ti Èkó dé títí ọmọ yóò fi sùn.