Níbo La Ti Lè Rí I?

Àwọn tó ń kọ àpilẹ̀kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì tún ti mú mi bínú lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n á kọ "as can be seen", ìyẹn "bí a ti lè rí i". A ó wá a títí, a ò ní rí nǹkan kan. "It should be noted" tiẹ̀ ń pàṣẹ ká fiyè sí ohun tí wọn kò gbé síwájú wa. Chinua Achebe, òǹkọ̀wé ọmọ Ogidi, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1975, ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, ó ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà paraku ni Joseph Conrad. Ẹ̀sùn ńlá ni, ṣùgbọ́n inú Heart of Darkness, ìwé Conrad, gan-an ló ti fa ọ̀rọ̀ yọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn ní láti padà sínú ìwé náà. Bákan náà, ìyá onígàárì kì í kàn fẹnu yin ọjà rẹ̀. Á bu díẹ̀ sí ọ lọ́wọ́ kó o tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé a lè rí i, kó sọ ojú ìwé, kó mú ọ̀rọ̀ náà wá. Bí kò bá ní in, kó kọ "mo rò pé". A ó ṣì gbọ́ tirẹ̀.