Ìmòòkùn ní Bonaire: Ẹni tí Afẹ́fẹ́ Rẹ̀ Kéré Jù Ni Ẹ̀gbọ́n

Orí ilẹ̀ ni a sábà máa ń rìn nínú abala yìí, ṣùgbọ́n abẹ́ omi ni a ń lọ lónìí. Erékùṣù kékeré kan wà nínú Òkun Kàríbíánì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bonaire. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 80 sí àríwá Fẹnẹsúélà, abẹ́ ìjọba Nẹ́dálándì ni ó sì wà. Ohun tó ń mú kí àwọn amòòkùn láti ilẹ̀ gbogbo máa wọ́ lọ síbẹ̀ ni pé ènìyàn kò nílò ọkọ̀ ojú omi kí ó tó dé ibi tí ẹja àti iyùn wà. Yóò wa ọkọ̀ ilẹ̀ lọ sí etíkun, yóò gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú òkun. Kò sí atukọ̀ tí yóò máa ka iye àwọn tó wọ omi àti iye àwọn tó jáde. Kò sí afinimọ̀nà tí yóò sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Òmìnira yìí dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí atukọ̀ àti afinimọ̀nà ń ṣe kò parẹ́. Ọrùn àwọn arìnrìn-àjò fúnra wọn ni ó já lé. Àwọn baba wa ní òmùwẹ̀ níí bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ wẹ̀ kì í jìnnà sí bèbè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ìgboyà ń tàn wọ ibú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a to ètò ìrìn àjò yìí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, láti ilé títí di ọjọ́ tí ẹ óò padà.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn ni àkọ́kọ́. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ìpele kìíní ni a kọ́ láti dé mítà 18. Ìpele tó tẹ̀ lé e ni ó ń mú ènìyàn dé mítà 30. Bí ó bá ti tó ọdún kan tí ẹ ti mòòkùn kẹ́yìn, ẹ padà sọ́dọ̀ olùkọ́ fún ìdánrawò nínú adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ ní ìlú tí ẹ wà. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti etí yín pẹ̀lú, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ fée.

Ọ̀rọ̀ físà ni ó kàn. Bonaire kò sí lára agbègbè físà Schengen, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ Nẹ́dálándì ni ó wà. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Nẹ́dálándì nípa físà ti Kàríbíánì kí ó tó sanwó ọkọ̀ òfurufú, ìbáà jẹ́ London tàbí Houston ni ó ń gbé. Bí ẹ óò bá gba Amsterdam kọjá, ẹ béèrè nípa físà ìkọjá níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 2022 ni a ti ń gba owó ìwọlé dólà 75 lọ́wọ́ àlejò tó jẹ́ àgbàlagbà. Dólà Amẹ́ríkà ni owó tí wọ́n ń ná ní erékùṣù náà láti ọdún 2011, nítorí náà kò sí wàhálà pípààrọ̀ owó fún àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀.

Ẹ má ṣe fi adójútòfò ṣeré. Adójútòfò ìrìn àjò lásán lè má san owó ìtọ́jú àìsàn ìmòòkùn. Ẹ wá èyí tó sọ ní kedere pé òun yóò san án.

Ìdí tí etíkun ibẹ̀ fi gba ẹsẹ̀

Ẹni tó bá ti dúró ní etíkun Èkó rí bí ìgbì Àtìláńtíìkì ṣe ń ya lu yanrìn, tí omi sì ń fa ẹsẹ̀ ènìyàn padà sínú ibú. Kò sí ẹni tó lórí pípé tí yóò gbé sílíńdà wọ irú omi bẹ́ẹ̀. Ti Bonaire yàtọ̀ nítorí pé láti ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún. Ìlà oòrùn erékùṣù ni ó ń gba ìyà ìgbì. Ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀, omi rẹ̀ sì máa ń pa rọ́rọ́. Ní ìwọ̀ oòrùn yìí ni àwọn ibùdó ìmòòkùn tó lé ní 50 tò sí. Erékùṣù náà tún wà ní gúúsù ojú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìjì líle Kàríbíánì ń gbà. Síbẹ̀, nígbà mìíràn afẹ́fẹ́ a máa yí padà, a sì máa ti ìwọ̀ oòrùn fẹ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbì a máa fọ́ sórí òkúta tí ẹ rò pé ẹ óò gùn, kò sì sí ohun tó kù ju kí ẹ padà sílé lọ jẹun.

Òfin ti ń dáàbò bo omi yìí tipẹ́. Ọdún 1979 ni wọ́n dá ọgbà ìtọ́jú inú òkun Bonaire sílẹ̀. Láti ibi tí omi ń kún dé ní etíkun títí dé jíjìn mítà 60 ni ọgbà náà bò, yíká gbogbo erékùṣù àti Klein Bonaire, erékùṣù kékeré tó wà níwájú ìlú Kralendijk. Àjọ STINAPA ni ó ń bójú tó o. Gbogbo amòòkùn ni ó gbọ́dọ̀ san owó ìtọ́jú ọgbà, kí ó gbọ́ àlàyé òfin ní ilé ìmòòkùn kan, kí ó sì kọ́kọ́ ṣe ìmòòkùn ìdánwò níwájú ibẹ̀. A kò gbọdọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyùn, a kò sì gbọdọ̀ mú ohunkóhun jáde. Iyùn inú òkun yìí jẹ́ ìbátan iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn. Ohun abẹ̀mí ni. Ẹsẹ̀ kan tó bá ṣì í tẹ̀ lè fọ́ ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dàgbà.

Ọkọ̀, sílíńdà àti òkúta aláwọ̀ ìyeyè

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ àwọn amòòkùn ń yá, nítorí pé sílíńdà àti aṣọ tútù kò dára nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àwọn ilé ìmòòkùn ní ibi tí ènìyàn lè wa ọkọ̀ dé, kí ó da sílíńdà òfìfo sílẹ̀, kí ó sì gbé èyí tó kún. Ẹ máa fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà, òkúta tí a kùn ní àwọ̀ ìyeyè, tí a sì kọ orúkọ sí lára, ni ó ń sọ pé ibùdó ìmòòkùn dé.

Ẹ má ṣe fi ohun iyebíye sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá wà nínú omi, nítorí pé olè mọ̀ pé ẹni tó wọ omi kò ní jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Fóònù àti ìwé ìrìnnà, ilé ni kí wọ́n wà. Ẹ wọ bàtà omi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Òkúta iyùn tó ti kú ni ó kún ọ̀pọ̀ etíkun náà, ó mú, ó sì ń yọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó ń lọ là ń wò kí a tó yan ibùdó. Bari Reef tó wà nítòsí ìlú dára fún ìbẹ̀rẹ̀. 1000 Steps lẹ́wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ kò sì tó 100 rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi sílíńdà gùn ún padà lábẹ́ oòrùn yóò mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé ní àríwá ibẹ̀, ojú ọ̀nà etíkun di alọ nìkan kí ẹ tó dé Karpata. Ẹni tó bá gbàgbé nǹkan sẹ́yìn kò lè yí ọkọ̀ padà. Salt Pier, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń kó iyọ̀, kò ṣe é wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Ọkọ̀ òkun Hilma Hooker, tí wọ́n bá igbó nínú rẹ̀, tó sì rì ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, dùbúlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 30. Ẹni tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò kọjá mítà 18 kò ní iṣẹ́ kankan ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀.

Ìpàdé kí a tó wọ omi

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. A tọ́ wa dàgbà pé ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní kí a máa lọ, àbúrò yóò tẹ̀ lé e. Nílé, ẹ̀kọ́ rere ni. Ní mítà 18 sísàlẹ̀, ó lè pa ènìyàn. Àbúrò rí i pé afẹ́fẹ́ òun ń tán, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ba ìgbádùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́, ó sì dákẹ́. Ìyàwó ń bẹ̀rù ìṣàn omi, ṣùgbọ́n owó tí ọkọ rẹ̀ ná ń yí i lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n gan-an mọ̀ pé ara òun kò dá, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ ọ́ níwájú àbúrò. Kò sí ẹni kẹta níbẹ̀ tí yóò rí i lójú wọn.

Nítorí náà, lábẹ́ omi, ẹni tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré jù ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ èyí síta lórí ilẹ̀, kí ẹ sì gbà á pa pọ̀. Ẹnikẹ́ni lè fòpin sí ìmòòkùn nígbàkigbà, kí a má sì bi í léèrè ìdí títí a ó fi dé etíkun. Kí ẹni tó dàgbà jù ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí àṣẹ tí àgbà bá fi lé ọmọdé lọ́wọ́ nìkan ni ọmọdé lè lò láìbẹ̀rù. Ẹ ṣọ́ra fún àmì ọwọ́ pẹ̀lú: àtàǹpàkò tí a nà sókè, tó túmọ̀ sí pé ó dára nílé, túmọ̀ sí pé kí a gòkè lọ nínú omi.

Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ ṣe ìṣirò. Ní mítà 10, agbára tí ń tẹ ara jẹ́ ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 20, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ tó lè tó ènìyàn fún wákàtí kan lókè yóò tán láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ní mítà 20. Bí sílíńdà yín bá bẹ̀rẹ̀ ní báà 200, tí ẹ sì fẹ́ jáde pẹ̀lú 50, ẹ yí padà nígbà tí ti ẹni tó kéré jù bá dé 130. Ẹ kọ́kọ́ lọ lòdì sí ìṣàn omi, kí ó lè gbé yín padà nígbà tó bá ti rẹ̀ yín. Bí òkìtì iyùn bá wà ní apá ọ̀tún yín ní àlọ, apá òsì ni yóò wà ní àbọ̀. Ẹ má ṣe di èémí mú láé. Ẹ gòkè jẹ́jẹ́, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ fún ẹnì kan ibùdó tí ẹ ń lọ àti aago tí ó yẹ kí ẹ ti padà.

Gúúsù erékùṣù, àti ọjọ́ ìkẹyìn

Bí ẹ bá wakọ̀ lọ sí gúúsù, ẹ óò rí òkìtì iyọ̀ funfun àti àwọn ahéré òkúta kéékèèké tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1850. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n ń wa iyọ̀, ni wọ́n ń sùn sínú wọn. Ènìyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lè wọlé. Ìlú Rincon ní òkè lọ́hùn-ún ni ẹbí wọn wà, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n sì fi ń rìn débẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1863 ni òfin dá wọn sílẹ̀. Àwọn ibùdó ìmòòkùn tó wà níwájú ahéré náà ń jẹ́ White Slave àti Red Slave títí di òní. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó wọ aṣọ omi. Ìṣàn omi gúúsù máa ń le. Ẹ má ṣe fi ibẹ̀ ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìpadàbọ̀, náítrójìn tí ara ti fà mu nínú omi nílò àkókò láti jáde. Bí ènìyàn bá tètè wọ bàálù, ó lè hó jáde nínú ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí a bá ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Wákàtí 18 ni ó kéré jù fún ẹni tó mòòkùn léraléra. Wákàtí 24 ni mo fara mọ́. Bí ọjọ́ Sátidé ọ̀sán ni bàálù yín yóò gbéra, kí ẹ ti jáde nínú omi kí ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tó pọ́n. Ẹ fi ìyókù ọjọ́ náà fọ ohun èlò, kí ẹ lọ wo ẹyẹ aláwọ̀ osùn tí ń jẹ̀ nínú adágún iyọ̀, kí ẹ sì dágbére fún àwọn onílé ní èdè Papiamentu wọn. “Danki” ni wọ́n ń fi dúpẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pamọ́, ẹ wá ìwé ẹ̀rí yín jáde. Ẹni tí ẹ bá sì fẹ́ mú lọ, ẹ bi í lónìí bóyá ó lè sọ fún yín pé rárá.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.