Kí Katakata Tó Dé Ahoro, Kí Kámẹ́rà Ti Débẹ̀

Ahoro pọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà títí dé Ìbòkun, ìlú tí àwọn àgbà rẹ̀ kò lè nawọ́ sí igbó kan pé ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá kò wọ́pọ̀. Ẹnu ni ìtàn náà wà; inú ilẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ wà: yàrà tó yí ìlú ká, ìpìlẹ̀ ògiri, àpáàdì, ìdàrọ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi sílẹ̀. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran fi ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ìlàrè. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀, tó jáde ní ọdún 2002, to ìtàn agbègbè náà láti nǹkan bí ọdún 1200 títí di 1900.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí inú ilẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá. Àwọn tó ń wa góòlù ti tú ilẹ̀ púpọ̀ ní ìhà Ìtagúnmódì àti Ìpèrìndó. Níbi tí kò sí góòlù, ọ̀nà tuntun wà, ilé tuntun sì wà. Yàrà tí odidi ìran kan fi ọkọ́ gbẹ́, katakata lè dí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹni tó ń wà á má sì mọ ohun tí òun dí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1979 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ. Òfin náà dára. Òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ gbogbo ahoro ni kò sí.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn ará ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fetí sí iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fọtogirámẹ́tírì. Orúkọ rẹ̀ le ju iṣẹ́ náà lọ. Ènìyàn yóò rìn yí ohun tó fẹ́ yà ká, yóò máa ya fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó kàn máa bo ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó ṣáájú mọ́lẹ̀. Yóò gbé ọ̀pá tí a ti wọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ nǹkan náà, kí ìwọ̀n rẹ̀ má baà sọnù. Kọ̀ǹpútà yóò wá wá ojú kan náà nínú àwọn fọ́tò náà, yóò ṣírò ibi tí kámẹ́rà dúró sí nígbà kọ̀ọ̀kan, yóò sì mọ àwòrán tó ní gígùn, ìbú àti gíga, tó ṣeé yí síwá sẹ́yìn lójú ẹ̀rọ. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe é wà lọ́fẹ̀ẹ́. Meshroom jẹ́ ọ̀kan. Fóònù tó ní kámẹ́rà gidi ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Òjìji líle ló máa ń da iṣẹ́ náà rú jù. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìkúùkù bo oòrùn ló dára.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Láti ọdún 2016 ni Factum Foundation ti ń ya àwọn òkúta gbígbẹ́ Bakor ní ìpínlẹ̀ Cross River lọ́nà yìí. Philip Allison ti ya fọ́tò púpọ̀ nínú àwọn òkúta wọ̀nyí kí ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1968, kí olè tó wọ̀ wọ́n. Nǹkan tí kò ní àkọsílẹ̀, ta ni yóò fi ẹ̀rí gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó rà á lókè òkun?

Àwọn awalẹ̀pìtàn pàápàá nílò rẹ̀, torí pé ẹni tó ń walẹ̀ ń ya ojú ìwé bó ṣe ń kà á. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ walẹ̀ ní Ìhò Elérù, ní ìhà Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n rí agbárí ènìyàn tí àwọn onímọ̀ wá sọ ní ọdún 2011 pé ìrísí rẹ̀ jọ ti ènìyàn ayé àtijọ́ ju bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti rí lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà kò sí mọ́. Àkọsílẹ̀ ìgbà náà nìkan ni ẹni tó bá ní ìbéèrè tuntun lè wò.

Àríwísí wà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú di í. Igbó mìíràn wà tí kámẹ́rà kò gbọdọ̀ wọ̀. Ọ̀dọ̀ Ajálayé àti àwọn abọrẹ̀ ni ó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Bí wọ́n bá sọ pé ibì kan kò ṣeé yà, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ibi tí ahoro wà gan-an kò sì gbọdọ̀ hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, kí ó má baà di atọ́nà fún olè. Kámẹ́rà kò rí abẹ́ ilẹ̀ o. Èyí tó burú jù ni pé àwọn aláṣẹ kan lè máa wò ó pé bí wọ́n bá ti ya nǹkan tán, ó ti dọ̀fẹ́ láti wó o. Àwòrán yàrà kì í ṣe yàrà.

Ọgbà Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la, ló yẹ kó gba iṣẹ́ yìí ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ya ògiri ahoro kan dáadáa yóò mọ bí a ti ń fi í kọ́ ọmọ ilé ìwé gíráàmà. Wọ́n lè lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí àwọn Èkìtìparapọ̀ lábẹ́ Ògèdèǹgbé pa ibùdó sí nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n sì lè dé Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, tí òjò ń jẹ àwọn ère alámọ̀ àti onísìmẹ́ǹtì tí Susanne Wenger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ. Bí wọ́n bá ń yà wọ́n lọ́dọọdún, wọn yóò rí ibi tí ó ń sán kí ó tó wó.

Ní ti ìjọba ní Òṣogbo, kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwé ilé tàbí ti ìwakùsà lórí ilẹ̀ tí ará ìlú bá ti pè ní ahoro, àfi bí a bá ti ya ibẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ewé wọ́wé tí igbó sì fúyẹ́, ni yàrà máa ń hàn jù. Èyí tó ń bọ̀ yìí ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.