Ẹ Yé Dáná Sun Oúnjẹ Ẹja

Ìwé pẹlẹbẹ sí àwọn alákòóso ètò ọ̀gbìn nílẹ̀ Yorùbá

Láti Ìkòròdú dé Ìjẹ̀bú, kò sí ọlọ́sìn àrọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ṣàlàyé ọ̀wọ́n oúnjẹ ẹja fún. Nínú náírà 10 tó bá ná, 6 sí 7 ló ń bá oúnjẹ lọ. Ẹ wá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí: òkìtì èèpo gbágùúdá ń rú èéfín lẹ́yìn àwọn obìnrin tó ń bó o, omi rẹ̀ ń rùn wọ gọ́tà. Orílẹ̀-èdè tó ń hú gbágùúdá jù lágbàáyé, ó lé ní mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 50 lọ́dún, ló ń sun èèpo, tó tún ń fi dọ́là ra oúnjẹ ẹja.

Bí a bá ní kí wọ́n fi èèpo yìí kún oúnjẹ ẹja, èsì kan náà là ń gbà: “Oúnjẹ ewúrẹ́ ni èèpo. Pàǹtírí ni. Ṣé ẹ fẹ́ fi pa ará ìlú ni?”

Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: kí ló wà nínú àpò oúnjẹ ẹja aláràbarà tó ń ti òkè òkun wọlé? Ohun tó ṣẹ́kù lára sóyà lẹ́yìn tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán. Eèrí àlìkámà tí ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun yọ kúrò. Pàǹtírí òyìnbó ni wọ́n, àmọ́ torí pé inú àpò tó ń dán ni wọ́n bá wá, ẹnikẹ́ni kì í yínmú sí wọn. Ẹja lílọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ńkọ́? Létíkun Senegal àti Mauritania, ẹja kéékèèké tí tálákà ìbá fi jẹun ni wọ́n ń kó lọ lọ̀ fún ẹja ẹlẹ́ja.

Wọ́n ní oró wà nínú èèpo gbágùúdá. Òótọ́ ni, sáyánáìdì wà nínú èèpo, ó tiẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju ti inú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú gbágùúdá tí a fi ń ṣe gàrí, ta ló ń yọ ọ́? Àwọn obìnrin yìí náà ni: wọ́n á rin ín, wọ́n á rọ ọ́ sápò, wọ́n á fi jáákì tẹ omi rẹ̀, á kan, wọ́n á yan án. Ọ̀nà tó fara jọ èyí ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA àti ti ẹran ọ̀sìn ILRI n’Íbàdàn gbé bá èèpo: wọ́n ṣà á, wọ́n rin ín, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n jẹ́ kó kan mọ́jú, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sá a. Èèpo tó ń lo ọjọ́ 2 sí 3 lóòrùn wá ń gbẹ lóòjọ́. Tọ́ọ̀nù 3 tútù ń di tọ́ọ̀nù 1 gbígbẹ. Ẹni tó jẹ ẹ̀bà yó tán tó wá ń pe irú iṣẹ́ yìí ní ìpànìyàn, ó yẹ kójú tì í!

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi èèpo nìkan bọ́ ẹja. Àrọ̀ ń fẹ́ purotéènì ìdá 35 sí 45 nínú 100. Ti èèpo kò ju bíi 5 lọ. Ipò apá kan àgbàdo inú oúnjẹ ẹja ni èèpo yóò gbà, kí àgbàdo lè wà fún ẹ̀kọ. Kúlíkúlí àti sóyà yíyan ni yóò máa pèsè purotéènì.

Ohun tí à ń béèrè nìyí.

Èkíní, kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìrin àti jáákì ti èèpo lọ́tọ̀ dé ibi gàrí. Ẹ má lọ kọ́ ilé iṣẹ́ ràgàjì sí olú-ìlú. Omi ló pọ̀ jù nínú èèpo tútù, kì í sì í pẹ́ jẹrà. Owó ọkọ̀ nìkan á gbé èrè mì. Kí wọ́n sá a gbẹ níbi tí wọ́n ti bó o, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sanwó fún ẹni tó bó o. Bí èèpo bá ti dowó lọ́wọ́ ìyá gàrí, kò ní fẹ́ wolé-wolé tí yóò sọ fún un pé kó má sun ún.

Èkejì, kí àyẹ̀wò wà. Kúlíkúlí tó ti bu léwu; èèpo tí wọn kò tẹ̀ dáadáa léwu. Kí ẹ̀ka ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ máa bu díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò yunifásítì, kí wọ́n kọ èsì sára àpò. Ọlọ́sìn kò gbọdọ̀ fi ẹja rẹ̀ dán oúnjẹ wò bóyá ojúlówó ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kéré. Ẹ̀kẹrin, olùkọ́ni tó máa dé etí adágún. Ẹ̀karùn-ún, iná mànàmáná fún àwọn ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹfà, kí àwọn onímọ̀ yẹ eèrí ògì àti èyí tó ṣẹ́kù lára èkùrọ́ lẹ́yìn àdín wò bákan náà.

Ìlérí ti sú wa. Nínú ètò ìsúná tó ń bọ̀, ẹ kọ iye ẹ̀rọ, orúkọ ìlú tí wọn yóò lọ àti oṣù tí wọn yóò débẹ̀, kí a lè mọ ẹni tí a ó bi.