Ẹ má fi ọwọ́ ara yín ya ìwé wáráǹtì ọkọ̀ tuntun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ra ọkọ̀ tuntun, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní tíà rọ́bà, fi sọ́kàn lásìkò yìí. Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó epo pẹtiróòlù fò sókè láti nǹkan bíi 200 náírà lítà kan débi tó fi lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dún 2024. Kò sí ọlọ́kọ̀ tí kò ta lára. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé, "Ẹ gbé ọkọ̀ yín wá, a ó jẹ́ kó máa sáré, kó sì máa mu epo díẹ̀," fi ń wọ àwọn ènìyàn létí.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá gbà fún wọn lórí ọkọ̀ tí wáráǹtì rẹ̀ kò tí ì tán, ara rẹ̀ ló ń ṣe. Kí ni wáráǹtì? Ìwé onídùúró ni. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ń dúró pé bí ohun kan bá bàjẹ́ láti ọwọ́ àwọn, àwọn yóò tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́ta tàbí 100,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ pé bí ẹlòmíràn bá yí ẹ́ńjìnnì padà, tí ìbàjẹ́ sì ti ibẹ̀ wá, ọrùn àwọn mọ́.

Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí àwọn mọkálíìkì wa ń pè ní brain box. Òun ló ń pàṣẹ iye epo tí yóò wọ ẹ́ńjìnnì, ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná, àti bí afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fẹ́ wọlé yóò ṣe le tó. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé yóò dé ibi tí oòrùn ti mú, yóò ru ẹrù, yóò sì mu epo tí kò dára, nítorí náà wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀. Àyè yìí gan-an ni ẹni tó ń yí àṣẹ brain box padà máa ń jẹ run. Lóòótọ́, ọkọ̀ náà yóò máa sáré bí ẹtu lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ ooru yóò pọ̀ sí i nínú ẹ́ńjìnnì, ìyà yóò máa jẹ písítìnì, tọ́bò yóò máa yí ju bó ti yẹ lọ, gíà tí wọn kò ṣe fún irú agbára bẹ́ẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ẹ tún wo irú epo tí à ń rà. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ pé epo tí mẹ́táńọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti pọ̀ jù wọ orílẹ̀-èdè yìí, ọkọ̀ púpọ̀ ló sì bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti gba àyè ọwọ́ rẹ̀, kí ni yóò fi gbara sílẹ̀ bí irú epo bẹ́ẹ̀ bá tún dé?

Ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun lè dá àṣẹ àtijọ́ padà sínú brain box kí òun tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á. Ọ̀pọ̀ brain box ló máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti kọ nǹkan sínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ Volkswagen àti Audi, àmì kan wà tí wọ́n ń pè ní TD1. Bí wọ́n bá ti fi àmì yìí sórúkọ ọkọ̀, ibi gbogbo tí ilé-iṣẹ́ náà wà ni wọ́n ti máa rí i.

Àwọn àrà mìíràn wà tí kò nílò kọ̀ǹpútà rárá. Àwọn mọkálíìkì kan a máa yọ thermostat dànù, wọ́n á ní kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù ni. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ thermostat ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, kó sì dúró síbẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá gbóná tó, brain box á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i láàárọ̀ ni, á sì máa da epo sí i. Owó epo tí à ń sá fún náà la tún ń san. Àwọn mìíràn á ní catalyst tó wà lára sàlẹ́ńsà ló ń dí ọkọ̀ lọ́nà èémí. Wọ́n á gé e, wọ́n á sì mú un lọ. Wúrà nìkan kọ́ ni irin olówó iyebíye. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú ohun tí wọ́n gé lọ yẹn, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Ọ̀rọ̀ gáàsì CNG tún wá yàtọ̀ díẹ̀. Èmi kò lòdì sí i, nítorí ó dín ìnáwó kù lóòótọ́, ìjọba sì ń polongo rẹ̀ láti ọdún 2023. Ṣùgbọ́n agbára gáàsì inú sílíńdà CNG tó nǹkan bíi 200 bar, èyí tó lé ní ìlọ́po 80 agbára afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré. Sílíńdà gáàsì ìdáná kò lè gbà á láéláé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan bú gbàù níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i nílùú Benin, àwọn ènìyàn sì farapa. Àwọn tó ń bójú tó ètò CNG ìjọba ṣàlàyé pé sílíńdà tí wẹ́dà jó pọ̀ ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí, ó ti kọjá wáráǹtì, ẹ̀mí ló kù.

Àmọ́ o, kò yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwáwí. Bí ẹnì kan bá pààrọ̀ rédíò ọkọ̀ rẹ̀, tí gíà wá bàjẹ́, kí ló kan rédíò nínú ọ̀ràn gíà? Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ti wà láti ọdún 1975 tó kọ̀ fún ilé-iṣẹ́ láti so wáráǹtì mọ́ kìkì ohun èlò tó bá ní orúkọ tirẹ̀ lára. Níbí náà, òfin FCCPA ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó péye, àjọ FCCPC sì wà tí a lè fẹjọ́ sùn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ ni yóò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fi owó ìfẹ̀yìntì ra bọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ fi owó kòkó ra ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé ka ìwé wáráǹtì sí yín létí látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ yín máa lo gáàsì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kó kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé, kó sì buwọ́ lù ú. Ibi tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ tọ́jú rìsíìtì sáfíìsì gbogbo. Ẹ sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ owó kọpuréètì lẹ fi rà á, ẹ fi tó wọn létí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Awakọ̀ lè fẹ́ kí ọkọ̀ sáré, mọkálíìkì lè fẹ́ owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ nìkan ni yóò san gbèsè.